Sáléńsà Mọ́tò Ìyá Mobọ́láńlé

Ẹ wò ó, ọ̀kánjúwà Láṣebìkan, alága àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò lọ́jà wa, ti sú gbogbo ayé. Ìpẹtà jẹ sáléńsà, páìpù èéfín mọ́tò Ìyá Mobọ́láńlé, tán, wọn ò sì ṣe irú mọ́tò àtijọ́ náà mọ́. Láṣebìkan nìkan ló ní tòkunbọ̀ tó bá a mu, ló bá ní owó odindi mọ́tò lòun máa gbà. Màmá ò bá a jà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kí oníbàárà kankan tó dé, ó wa mọ́tò náà dé ẹnu ìsọ̀ Láṣebìkan, ó fi í sílẹ̀ kó máa bú ramúramù, kó máa tú èéfín, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Ẹ sì mọ̀ pé ọlọ́jà kì í lé ẹni tó bá kọ́kọ́ ná ọjà láàárọ̀, kí títà ọjọ́ náà má baà bàjẹ́. "Màmá, ẹ pa mọ́tò yìí!" "Bí mo bá pa á, kò ní jí mọ́, ẹnu ìsọ̀ yín ló máa sùn sí." Àwọn oníbàárà ń fọwọ́ bo imú, wọ́n ń yà sí ìsọ̀ kejì. Láṣebìkan figbe ta: "Ẹ san iyekíye tó bá wù yín, kẹ́ ẹ gbé e máa lọ!" Màmá sanwó, àmọ́ kò pa mọ́tò. "Alága, ta ni yóò wá bá mi de sáléńsà yìí mọ́ mọ́tò?" Bí alága ṣe wọ abẹ́ mọ́tò nìyẹn, tòun ti agbádá.