Orúkọ tí Akínrìnlọ́lá Fi Ra Ilé

Láyé àtijọ́, àwọn apẹja etí ọ̀sà kì í kọ́lé sójú kan. Ibi tí ẹja bá ṣí lọ ni ilé wọn ń bá a lọ, nítorí ilé pákó ni, orí ọkọ̀ ńlá ni wọ́n sì ń kọ́ ọ sí. Ìyá àgbà mi ló sọ èyí fún mi. Bó bá ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á ti lọ sápá ibi tí omi wà, èmi náà á sì máa ṣàárò ilé tí n kò gbé rí.

Jẹ́gẹ́dẹ́ ló ń ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ní èbúté. Ọlọ́yàyà ni, ṣùgbọ́n ọ̀yàyà rẹ̀ kì í dín owó ọjà. Akínrìnlọ́lá, apẹja kan tí omi ti gbé ahéré rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́ ra ọ̀kan nítorí Àwẹ̀ró, aya rẹ̀, tó wà nínú oyún. Ọ̀kẹ́ owó mẹ́fà péré ló ní. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọ̀n tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, òun ló sì fi ń jẹun.

Jẹ́gẹ́dẹ́ dá ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án lé ilé náà. Akínrìnlọ́lá mọ ọjà ná. Kò rẹ́rìn-ín, kò yin ilé. Ó ní ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wọ́, ó ní òrùlé rẹ̀ ti gbó, ó sì kẹ̀yìn sí i. Jẹ́gẹ́dẹ́ pè é padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, owó sì wálẹ̀ dé méje.

"Ó ku ìdí rẹ̀, bàbá," ni Akínrìnlọ́lá wí.

Àṣà wọn ni pé kí wọ́n tó sanwó, wọ́n á fa ilé gúnlẹ̀ nígbà tí omi bá fà, kí ẹni tó ń rà á lè wo pákó abẹ́ rẹ̀. Iye èyí tó bá ti jẹrà, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó.

"Omi kò tíì fà, ọmọ mi," ni Jẹ́gẹ́dẹ́ fèsì. "Jẹ́ kí oṣù yìí parí."

Kí oṣù tó parí, Àwẹ̀ró bí ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo èbúté pé, Jẹ́gẹ́dẹ́ náà wá. Ọkùnrin tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jà wá ń rẹ́rìn-ín nílé. Àwẹ̀ró fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, kò gbọ́. Ó gbé ọmọ sókè, ó ní, "Ilésanmí lorúkọ rẹ̀. Ilé tuntun tí à ń kó lọ yìí á san wá."

Jẹ́gẹ́dẹ́ ju owó ẹyọ sínú àwo omi, ó pe ọmọ náà ní Ilésanmí, ó sì rọra mu ẹmu rẹ̀.

Nígbà tí omi fà, Akínrìnlọ́lá lọ bá a. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo ìdí ilé."

"Ìdí kí ni? Ṣé ẹni tí ilé ti san ló tún ń wo ìdí rẹ̀? Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ni. Bó ò bá rà á, lọ wá orúkọ mìíràn fún ọmọ rẹ."

Orúkọ tí gbogbo èbúté ti pe ọmọ, ta ló lè gbà á padà lẹ́nu wọn? Akínrìnlọ́lá san ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ó sì fi àwọ̀n bàbá rẹ̀ dí mẹ́ta tó kù. Ibí yìí máa ń dùn mí. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ jókòó, ó tún ojú kan tó ya lára àwọ̀n náà ṣe, kó tó gbé e fún Jẹ́gẹ́dẹ́.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, omi gba ìsàlẹ̀ wọlé. Pákó mẹ́ta ti jẹrà lábẹ́. Àwẹ̀ró ń fi igbá gbọ́n omi, Ilésanmí ń ké lórí ẹní tútù.

"Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ," ni Àwẹ̀ró wí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n bí obìnrin. Èrò pé, wọ́n gbé àwo omi kalẹ̀, wọ́n ní kí bàbá ọmọ sọ̀rọ̀. Akínrìnlọ́lá, tó ti ń fi àwọ̀n ẹlòmíràn pẹja láti ìgbà náà, kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pákó ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Orúkọ là ń retí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Kí lò ń wá nílẹ̀?"

"Ẹ fún mi láyè, ẹ̀gbọ́n," ló dáhùn. "Mò ń wo ilé ná."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà wa ti ń pa á lówe pé, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.