Láníhùn àti Òkìtì Kóró Iṣin Tí Kò Ṣe É Pín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ ilé wa, àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ yà sọ́dọ̀ wa, ẹ kú ìrìn. Ẹ fọkàn balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìtàn ìyanu, ìtàn ẹni tó la igbó ìwin já, tí ìgbéraga sì dè mọ́lẹ̀ níbi tó yẹ kó ti yọ̀.

Láníhùn ni orúkọ rẹ̀, Láníhùn afọwọ́-pín-bí-òṣùwọ̀n, ẹni tó máa ń pín ẹran ọdún fún gbogbo agboolé wa láìsí ẹni tí yóò kùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àwẹ̀ró, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣèèṣì já iṣin lórí igi Olókìtì, ìwin tó ga bí òkè, tí irun rẹ̀ ń jó bí iná ọyẹ́. Ìwin náà sì tì í mọ́ inú àpáta. Láníhùn gbéra. Ó la odò tí ń ṣàn gòkè kọjá, ó gba inú igbó tí òjìji ti ń bá ẹni tó ni ín jà, ó bá tirẹ̀ jìjàkadì títí ó fi dá a mọ́lẹ̀, kó tó dé iwájú Olókìtì.

Ìwin náà rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já. "Ọmọ ènìyàn, kóró iṣin mi nìyí, ó pọ̀ bí iyanrìn etí odò. Pín in sí òkìtì tó dọ́gba, kí ó má ṣẹ́ kù. Má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, má sì tò ó ní kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣe é pín, sọ bẹ́ẹ̀, n ó tú àbúrò rẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá purọ́, ẹ̀yin méjèèjì di tèmi."

Láníhùn pín in sí méjì, ọ̀kan ṣẹ́ kù. Ó pín in sí mẹ́ta, ó ṣẹ́ kù. Ó tú u ká, ó tún un pín. Òkìtì ń pọ̀ sí i, kóró inú wọn ń dín kù, ṣùgbọ́n nígbà gbogbo ni àṣẹ́kù ń dúró gedegbe bí ọmọ tí kò ní ẹbí.

Lọ́jọ́ kan Àwẹ̀ró, tó ń fetí sí ìró kóró láti inú àpáta, pariwo: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dáwọ́ dúró! Òkìtì yín ti pọ̀ ju kóró inú òkìtì kan lọ!"

"Kí ló wá kàn mí nínú ìyẹn?"

"Bí kóró bá pín sí ọgọ́rùn-ún òkìtì tí mẹ́wàá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé kò ní pín sí òkìtì mẹ́wàá tí ọgọ́rùn-ún wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni? Gbogbo iye òkìtì tó kéré ni ẹ sì ti dán wò tán. Èyí tó kù, àtúnpín lásán ni. Kò ṣe é pín. Ẹ wí fún un ká lọ sílé, ọkọ mi ń dúró."

Láníhùn mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣùgbọ́n ó ní, "Èmi Láníhùn? Kí wọ́n gbọ́ nílé pé nǹkan kan wà tí mo pín tì? Fara balẹ̀, ìwọ ọmọ yìí."

"Ẹran ọdún kọ́ nìyí o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni."

Ó ń pín lọ. Ọdún ń gorí ọdún. Ohùn inú àpáta kọ́kọ́ ń bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó sì wá dákẹ́. Ìgbà tí ogbó kò jẹ́ kí Láníhùn lè ṣa kóró mọ́ ló tó kùn pé, "Kò ṣe é pín."

Olókìtì mí kanlẹ̀. "Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tó jẹ́ pé ọmọge ló wà nínú àpáta mi."

Àpáta là. Arúgbó kan tí orí rẹ̀ funfun bí òwú jáde, ó wo ojú Láníhùn pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ta ni ọkọ mi wá fẹ́?"



Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe àbùkù pé ènìyàn sọ pé "agbára mi kò ká a" nígbà tí òótọ́ bá ti hàn. Ọjọ́ tí a ń ná láti fi dáàbò bo iyì wa, ọjọ́ ẹlòmíràn ni, a kò sì ní i láti dá padà. Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí iyì wa jẹ ayé ẹni tó fẹ́ràn wa run.