Ẹni Tó Gbé Aago Sétí

Ọkùnrin kan wà tó ń ra aago ọwọ́ àtijọ́, tó sì ń tà wọ́n fún àwọn olówó tó fẹ́ràn wọn. Kò sí ẹni tó lè fi ayédèrú tàn án jẹ. Bí o bá gbé aago dé iwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi awò wo ojú rẹ̀, bóyá wọ́n ti tún un kùn. Yóò ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò wò ó bóyá ẹ̀rọ inú àti ìdérí jọ ti ilé-iṣẹ́ kan náà jáde, bóyá ọwọ́ aláìmọṣẹ́ sì ti ha ibì kan. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e sétí. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó gbé aago wá lè purọ́. Aago kì í purọ́." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ òótọ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí tí àdúgbò sì dákẹ́ rọ́rọ́, ọkùnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún wọlé tọ̀ ọ́. Ó tú aago kan sílẹ̀ láti inú áńkáṣíìfù.

"Bàbá mi ló ni ín, sà," ni ó wí. "Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti papò dà. Inú àpótí ni aago yìí wà látìgbà náà."

Oníṣòwò náà gbé awò sójú. Ojú aago náà ti pọ́n bí omi tíì, ẹnikẹ́ni kò sì tún un kùn rí. Wọ́n fín orúkọ baba náà sí ẹ̀yìn rẹ̀: Jóṣíà Ọlátẹ́jú, ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì. Inú oníṣòwò náà dùn gan-an, nítorí ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń wá irú aago bẹ́ẹ̀.

Irú aago yìí kò ní bátìrì, a kì í sì í yí i. Apá ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń gbé e rìn. Bí apá bá ń mì, aago ń ṣiṣẹ́. Bí o bá bọ́ ọ sílẹ̀, kò ní ju bí ọjọ́ méjì lọ kó tó dákẹ́.

Ó gbé e sétí. Ó ń dún.

Ó wo aago ara ògiri rẹ̀. Aago òkú yìí kò fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀ sí i. Ó yí i padà. Òógùn wà lẹ́yìn rẹ̀, irun funfun kan sì há sínú ṣéènì rẹ̀.

"Ta ló wọ̀ ọ́ lánàá?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́, sà. Ta ni yóò wọ aago òkú?"

Ẹ̀rù ba oníṣòwò náà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òkú baba náà ló ń wọ aago rẹ̀, pé kò tíì fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí a ṣe rí nìyẹn. Bí nǹkan bá ti rú wa lójú, àwọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ ronú kàn. Ó yẹ kó dá aago náà padà, ṣùgbọ́n ó wù ú ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ. Ó dá iye kan. Ọmọ náà kò tilẹ̀ ná an. Ó gba owó náà, ó sì yára jáde.

Oníṣòwò náà ti aago náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó gbé Bíbélì lé dúrọ́ọ̀ náà lórí. Ó gbàdúrà pé kí ẹ̀mí baba náà lọ sinmi. Ní gbogbo ọjọ́ kejì, ó ń gbọ́ ọ nínú ibẹ̀, kì-kì-kì, kì-kì-kì. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti dákẹ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó ní àdúrà òun ti gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń kọjá ní òpópónà kan, ó sì rí ìwé ìkéde òkú lára ògiri. Àwòrán baba arúgbó kan ló wà níbẹ̀, aago náà wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Jóṣíà Ọlátẹ́jú ni orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo ọjọ́ tí baba náà kú. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó bi obìnrin aránṣọ tó wà nítòsí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ìgbà wo gan-an ni baba yìí kú?"

"Ọjọ́bọ̀ náà ni," ni obìnrin náà dá a lóhùn. "Ọmọ wọn tì wọ́n mọ́ yàrá ẹ̀yìn, ó ní orí wọn ti dàrú. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń gbá ògiri látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ń ké pé, 'Ẹ gbà mí, ẹ gbà mí.' Àwa rò pé àìsàn náà ló ń sọ̀rọ̀."

Apá tó ń gbá ògiri yẹn ló ń gbé aago rìn. Igbe baba náà ni oníṣòwò gbé sétí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, igbe náà ló sì gbé Bíbélì lé lórí. Baba wà láàyè lọ́jọ́ náà. Ó wà láàyè lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bẹ̀rù òkú tó bẹ́ẹ̀, òkú kankan kò sí níbẹ̀ tí yóò bẹ̀rù.

Arákùnrin, nítorí rẹ ni mo ṣe sọ èyí. O wá bá mi láàárọ̀ yìí pé ọmọbìnrin rẹ tó wà nílé ọkọ kò rẹ́rìn-ín mọ́. O ní aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló ń wọ̀ nínú ooru yìí, pé bí ilẹ̀kùn bá dún, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n. O ní ẹ̀mí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń dà á láàmú, kí n bá ọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. N kò ní bá ọ gbà á, inú sì ń bí mi sí ọ. Jẹun, kí o wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ lónìí. Nígbà tó bá ku ìwọ àti òun nìkan, ní kí ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Bí o bá ti rí ohun tó wà níbẹ̀, má ṣe padà wá sọ́dọ̀ mi. Mú un lọ sílé rẹ.