Amọ̀ Ẹnu Ọ̀nà Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o.

"Ààlọ̀."

Ohùn yín tutù. Kò burú, ẹ̀yìn ń ro èmi náà. Àlọ́ mi wọ́ ẹsẹ̀, ó wọ́ ẹsẹ̀, ó lọ bà lé Àtíòro, ó bà lé Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, ó bà lé Àdàbà tí kì í pa ẹnu mọ́.

Ẹyẹ ni gbogbo wọn. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹyẹ tó ń fò bí Àwẹ̀ró. Bó bá gbéra láàárọ̀, òkè odò ni yóò ti jẹun ọ̀sán. Àtíòro rí i, ó fẹ́ ẹ, wọ́n jọ ń gbé inú ihò àràbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, ejò pọ̀ nígbó. Má dé òkè odò mọ́."

Àwẹ̀ró ní, "Kò burú, ọkọ mi." Kò dé òkè odò mọ́.

Nígbà tó yá, Àtíòro tún dé. "Àwẹ̀ró, ẹyin tí o fẹ́ yé yìí, orí igi lásán inú ihò yìí ni wàá yé e sí? Tu ìyẹ́ rẹ, kí o fi tẹ́ ibẹ̀."

Àwẹ̀ró wo apá rẹ̀ títí. Ó ní, "Kò burú." Ó tu ú. Ó dùn ún dé egungun.

Ọkọ tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, amọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. "Àwẹ̀ró, ẹnu ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀ jù. Bí ejò bá wọlé ńkọ́?" Ó lẹ amọ̀ láti ìta, amọ̀ já bọ́. Ó lẹ̀ ẹ́, ó já bọ́. Ó rẹ ọkùnrin náà. Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó.

Ó ní, "Gbé e wá, ọkọ mi. Inú ló yẹ ká ti lẹ̀ ẹ́."

Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó fi tipá mú un. Àgógó ẹnu ara rẹ̀ ló fi lẹ amọ̀ náà. Ó ku ihò tínńtín tí ọkọ lè na oúnjẹ gbà. Àwẹ̀ró ń kọrin nínú òkùnkùn, ẹ bá a gbè é:

Ọ̀nà dí, mo di ìyàwó,
*Ó rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí.*
Mo nílé, n kò níta,
*Ó rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí.*

Ẹyin pa, ọmọbìnrin ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ ń gbé èso ọ̀pọ̀tọ́ wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀kan. Ó di òfo. Ọmọ ń ké, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ kò lọ́mú.

Àdàbà bà sẹ́nu ọ̀nà. "Àwẹ̀ró, o kú ìjókòó o."

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o rí bàbá ọmọ mi? A ò tíì jẹun láti ìjẹta."

Àdàbà tí kì í pa ẹnu mọ́ yìí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Ó ní, "Mo rí i létí odò. Amọ̀ ló ń kó."

"Amọ̀ kẹ̀? Ẹnu ọ̀nà wa ti dí tipẹ́."

"Kì í ṣe tìyín. Ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, lórí igi kejì."

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó bojú wo ọmọ. Bí òun kò bá jáde, ọmọ á kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá amọ̀ náà, amọ̀ ti le koko. Lọ́jọ́ kìíní, àgógó rẹ̀ sán. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Lọ́jọ́ kẹta, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, kò lè fò. Ó já lulẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wá èso, ó rápálá gun igi padà. Bó ṣe tọ́ ọmọ náà dàgbà nìyẹn.

Ọkọ dé fún ọmọ. Láàárọ̀ ìgbéyàwó, ọmọ jókòó ti ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, báwo ni ilé ọkọ ṣe ń rí?"

Àwẹ̀ró la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀. Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹnu ṣì ń dùn ún. Ó ní, "Ilé ọkọ, ilé náà ni. Máa lọ, ọmọ mi."

Ọmọ lọ. Ọkọ tirẹ̀ náà gbé amọ̀ dé, ọmọ gbà á, ó lẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, abo àtíòro fúnra rẹ̀ ló ń dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀, tí yóò jókòó sínú òkùnkùn, tí yóò máa retí oúnjẹ.

Àlọ́ mi ti bà sílẹ̀, kò ní fò mọ́ lónìí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó síbí, ó ti rẹ̀ yín, mo mọ̀. Ọmọ á bèèrè. Ẹ sọ ọ́ fún un.