Ohun Tí Ọ̀dọ̀fin Rí Lẹ́yìn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe tí wọ́n fi ń pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Kí ọmọ ṣáà ti béèrè ọ̀rọ̀ tí àgbà kò fẹ́ dáhùn, àgbà á tún agbádá gbé sí èjìká, á pa òwe yìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tó ń fi sọ ni pé ọmọdé kò gbọ́n: ó ṣubú, kò tilẹ̀ wo ohun tó gbé e ṣubú. Àgbà ló gbọ́n, òun ló ń wá ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ tún òwe náà gbọ́ ná. Ibo ló ti sọ pé ẹnì kan gbọ́n, ẹnì kan gọ̀? Ibi tí ojú olúkúlùkù lọ ló sọ, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wà níwájú ọmọdé tí kò fi lè gbójú kúrò níbẹ̀? Kí ló sì wà lẹ́yìn àgbà? Wọ́n á pa òwe náà fún ọ títí, ẹnu wọn kò ní kan ìbéèrè méjèèjì yìí. Àwọn ará Òkè-Ìsápá ló mọ ìdáhùn, nítorí ojú wọn ni ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Omi méjì ló wà ní Òkè-Ìsápá láyé ìgbà náà. Ọ̀kan ń sun láti inú àpáta lẹ́yìn ìlú. Ó mọ́ gaara, ó sì tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Èkejì ni ọ̀gọ̀dọ̀ kan nísàlẹ̀ ìlú, tí ewúrẹ́ ń mu, tí ènìyàn ní láti wọ̀ dé orúnkún kí ó tó rí omi bù. Ilé Ọ̀dọ̀fin nìkan ló ń mu omi àpáta. Ọ̀dọ̀fin ni ìjòyè tó ń ṣọ́ ọ̀nà àti omi ìlú. Ó ní baba ńlá òun ló kọ́kọ́ rí omi náà, ó sì fi ọgbà ẹ̀gún yí i ká. Gbogbo ìlú yòókù ń mu ọ̀gọ̀dọ̀.

Ọdọọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, sòbìà á bẹ̀rẹ̀ sí yọ lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń mu ọ̀gọ̀dọ̀: aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn bí òwú, tí wọ́n á máa wé mọ́ igi wẹ́wẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó má baà já sínú ẹran ara. Ẹni tó bá mú kò lè dìde. Kò sí sòbìà nílé Ọ̀dọ̀fin. Ọ̀dọ̀fin ní ìwà rere àwọn ló fà á.

Ìlú náà ní eré ìje kan tí wọ́n ń pè ní Eré Omi. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, wọ́n á ṣí ọgbà ẹ̀gún. Àwọn ọ̀dọ́ láti agboolé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin, á gba ọ̀nà oko sáré dé ibi àpáta, wọ́n á bu omi sínú kèrègbè, wọ́n á sì gba ọ̀nà òkúta padà sí ààfin. Ẹni tí omi rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ọwọ́ ọba lè béèrè ohun kan ṣoṣo, ọba kò sì gbọdọ̀ sọ pé rárá. Ọ̀dọ̀fin ló ń ro ọ̀nà nígbà tí eré bá ku ọ̀la. Lọ́jọ́ eré, òun ni yóò tẹ̀lé gbogbo wọn lẹ́yìn pẹ̀lú màrìwò lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gba inú igbó dábùú. Títí òun yóò fi dé ààfin kí ó wí pé, "Ọ̀nà mọ́," kò sẹ́ni tí a lè sọ pé ó jẹ eré náà.

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ilé Ọ̀dọ̀fin fi jẹ. Kí ló kù? Ẹni tó ń mu omi àpáta ń bá ẹni tí aràn ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sáré, ó borí rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní ẹsẹ̀ ilé Ọ̀dọ̀fin mà yá o! Ẹ sì wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọba fún ọdún mẹ́jọ: kí ọgbà ẹ̀gún náà dúró.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ìyá ìyá rẹ̀ tó ń mọ ìkòkò, Ìyá Alámọ̀, ló ń tọ́ ọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sòbìà yọ sí i lórúnkún àti lọ́rùn ẹsẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n ń kọ ebè, orí ẹní ló wà. Àwọn ọ̀dọ́ fún un lórúkọ: Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú.

Ó bi ìyá rẹ̀ àgbà lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, ṣé torí aràn ni Ọlọ́run ṣe dá ẹsẹ̀ mi ni?"

Ìyá Alámọ̀ ń fi ìkarawun ìgbín dán ẹnu ìkòkò. Kò gbójú sókè. "Aràn kọ́ ló dá ẹsẹ̀. Ẹni tó dá a ni kí o bi, má bi èmi."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí bi í. Ní gbogbo àárọ̀, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á gbé ọwọ́ lé orúnkún tó ń ṣọyún, á wí pé, "Ẹlẹ́dàá mi, kí lo dá èyí fún?" Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ojú egbò jiná, ó kọ́ ìrìn bí ọmọ ọwọ́. Ó kọ́kọ́ ń rìn dé ìdí ààrò ìkòkò, lẹ́yìn náà dé kòtò amọ̀ nísàlẹ̀ òkè. Ó ń ru amọ̀ gòkè fún ìyá rẹ̀ àgbà, agbọ̀n kan, agbọ̀n méjì, títí ó fi ń ru ú sáré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ọmọ aládùúgbò wọn, ọmọ ọdún mẹ́ta, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń ha ẹsẹ̀. Ibi tó ń ha ti wú, ó ń dán. Àwẹ̀ró mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dúró wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọlé.

"Ìyá, mo ti gbọ́ èsì. Màá sá Eré Omi."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

"Pẹ̀lú èyí tí Ọlọ́run fún mi."

Ìyá Alámọ̀ wá gbójú sókè. "Ó dáa. Amọ̀ ṣì kù nísàlẹ̀. Lọ ru ú."

Ọ̀dọ̀fin máa ń jí lọ sí oko ní kùtùkùtù. Ó rí Àwẹ̀ró lórí òkè lẹ́ẹ̀kan, ó rí i lẹ́ẹ̀kejì, ó sì rí i pé kò mí gùlegùle. Ẹ̀rù bà á. Nígbà tí eré ku ọ̀la, ó ro ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àfi ibi kọ̀rọ̀ òkúta tó ṣẹ́kù díẹ̀ kí a tó wọ ìlú. Ibẹ̀ ló ti fi koríko gígùn sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó mú tọ̀tún, ó mú tòsì, ó so wọ́n pọ̀ dábùú ọ̀nà, kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ìjòyè ìlú, onírùngbọ̀n funfun, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ṣe ohun tí ọmọ aláìgbọràn ń ṣe tí wọ́n fi ń nà án! Ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ Láwùyì tó fẹ́ sáré pé, "Bí o bá dé ibi òkúta, fò. Má bi mí léèrè."

Nígbà tí wọ́n tò níwájú ààfin lọ́jọ́ kejì, Láwùyì wo ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú! Ṣé o ò ní já lọ́nà báyìí?"

"Òwú tó bá já, ṣé a kì í so ó ni, ká máa hun aṣọ wa lọ?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n lu agogo, eré bẹ̀rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò yára lọ́nà oko. Ó ń tọ́jú èémí. Nígbà tí wọ́n fi bu omi tán níbi àpáta, Láwùyì nìkan ló kù níwájú rẹ̀. Wọ́n kọrí sí ọ̀nà òkúta, Ọ̀dọ̀fin ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn pẹ̀lú màrìwò. Nígbà tí wọ́n dé kọ̀rọ̀, Àwẹ̀ró rí i tí Láwùyì fò sókè lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò ráyè ronú sí i. Nǹkan kan mú un lọ́rùn ẹsẹ̀, ó lọ gbalaja. Orúnkún rẹ̀ là níbi àpá sòbìà gan-an, ẹnu kèrègbè fọ́, omi ń dà.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ di ojú ibi tó fọ́. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀yìn Láwùyì, ó rí òrùlé ìlú lókè. Ó wí pé, "Ẹlẹ́dàá mi, ẹsẹ̀ rẹ rèé o," ó dìde, ó ń sáré. Àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọ́n rí i bó ṣe ṣubú gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá.

Òkè ló kù kí a tó dé ààfin. Láwùyì ti mu omi tó mọ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n kò ru amọ̀ gòkè rí. Ní ìdajì òkè, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó tó yíjú, ẹsẹ̀ náà ti wà níwájú rẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síwájú ọba pẹ̀lú ìdajì kèrègbè omi àti orúnkún tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ìlú sì pariwo orúkọ rẹ̀ tí igbó fi gbà á.

"Kábíyèsí, kò jẹ!" Láwùyì ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó ṣubú níbi kọ̀rọ̀ òkúta. Ẹni tó bá ti ṣubú ti da omi ìlú nù."

Ọba wò ó. "Ìwọ kọ́ lo wà níwájú ni?"

"Èmi ni, Kábíyèsí."

"Ìwọ Àwẹ̀ró, ṣé o ti sọ ibi tí o ti ṣubú fún ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ rárá, Kábíyèsí."

Láwùyì wolẹ̀. Ọba ní, "Ó dáa. Ọ̀dọ̀fin ni yóò sọ bí ọ̀nà ṣe rí."

Wọ́n retí Ọ̀dọ̀fin. Àwọn tó sáré kẹ́yìn pàápàá ti dé, Ọ̀dọ̀fin kò dé. Nígbà tó pẹ́, ọba dìde, gbogbo ìlú sì tẹ̀lé e lọ sí ọ̀nà òkúta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀dọ̀fin ti pinnu láti tú kókó náà nígbà tó bá dé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Kò tíì dé kọ̀rọ̀ nígbà tó gbọ́ ariwo láti ìlú. Ó dẹtí, ó ń retí orúkọ ọmọ rẹ̀. "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró!" ló gbọ́. Ìbínú gbé e, ó ká agbádá, ó sáré bí ẹni ogún ọdún. Ó gbàgbé kókó, ṣùgbọ́n kókó kò gbàgbé rẹ̀.

Wọ́n bá a ní jíjókòó lórí ilẹ̀, fìlà lọ́tọ̀, màrìwò lọ́tọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí iṣu. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀yìn ló ń wò.

Ìyá Alámọ̀ ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. "Ọ̀dọ̀fin, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ ń wò lẹ́yìn?"

"Koríko ni. Àwọn ọmọdé ló ń fi ṣeré."

Ìyá Alámọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Gbogbo ìlú ló mọ kókó náà: ìlọ́po méjì, tí wọ́n yí sí òsì. Òun ni wọ́n fi so gbogbo ẹ̀gún ọgbà omi àpáta. Wọ́n ti dúró lẹ́yìn ọgbà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìkòkò òfìfo.

"Ọmọdé wo ló mọ kókó ọgbà yín?" Ohùn obìnrin náà yí padà. "Mo pọ̀n ọ́ rí. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi gbé ọ kọjá ọ̀gọ̀dọ̀, kí omi rẹ̀ má baà kan ẹsẹ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ tí mo gbà là nìyẹn. Ọwọ́ tó bá a wá sáyé lo wá fi dẹ okùn fún ọmọ mi?"

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ bẹ́ẹ̀ sí ìjòyè.

Ọba yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí o ṣubú, kí ló dé tí o ò wẹ̀yìn wò, kí o mọ ohun tó gbé ọ ṣubú?"

"Kábíyèsí, omi ń jò lọ́wọ́ mi. Bí mo bá wẹ̀yìn, màá rí ẹni tí màá bá jà. Iwájú ni ẹni tó máa mu ún wà."

Ọba kọjú sí ìjòyè rẹ̀. "Ọ̀dọ̀fin, iṣẹ́ rẹ kù. Ọ̀nà mọ́ àbí kò mọ́?"

Ẹ wo ibi tí àgbà há sí. Bí ó bá ní ọ̀nà mọ́, Àwẹ̀ró ti jẹ. Bí ó bá ní kò mọ́, ta ló ro ó?

"Ọ̀nà mọ́," ló wí. Kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Béèrè," ni ọba wí fún Àwẹ̀ró.

"Ọgbà ẹ̀gún, Kábíyèsí. Kí ó kúrò."

Wọn kò dúró de àṣẹ kejì. Ìlú yí gbirigbiri sí ọ̀nà àpáta, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń ṣọyún ń tiro tẹ̀lé wọn. Láwùyì nìkan ló kù, ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn bàbá rẹ̀ lọ sílé. Bí ó ti ń gbé e lọ, orí bàbá ṣì yí sí ẹ̀yìn.

Ìyá Alámọ̀ ló kọ́kọ́ pa òwe náà lọ́jọ́ yẹn, kí àwọn àgbà tó jí i lọ, tí wọ́n ń fi pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ fi pa ọ́ lẹ́nu mọ́, jẹ́ kó pa á tán, kí o wá rọra bi í pé kí ló so sí ọ̀nà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó ń tìtorí rẹ̀ sáré wà. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ló fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí.