Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Pín Ogún Òdòdó Orí Àpáta

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi gba orí àpáta lọ, ó bá òdòdó kékeré kan níbẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, Òdòdó ń gbé ní ṣóńṣó òkè, nínú pàlàpálá àpáta. Oyin ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìtànná rẹ̀ ni Oyin fi ń bọ́ ọmọ.

Bàbá Òkè, olórí òkè náà, ṣe òfin kan: ẹni tí a bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, òkú ni, kí wọ́n pín ogún rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti àfonífojì gun òkè wá. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé máa gbójú sókè wo òun. Ó rí i pé ewé Òdòdó ti gbẹ. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́kẹ́ pa.

"Bàbá Òkè, ó ti kú! Mo jogún ibùjókòó rẹ̀."

Oyin fò dé. "Ṣé ẹ ti wo gbòǹgbò rẹ̀? A kì í pín ogún alààyè."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Alájẹkì, ikùn rẹ ló ń sọ̀rọ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ebi yóò pa ọmọ mi bí ẹ bá fà á tu. Síbẹ̀, ẹ ò tíì wo gbòǹgbò rẹ̀."

Bàbá Òkè ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀, dúró tì í títí òjò yóò fi rọ̀. Èmi fúnra mi yóò pè é. Bí kò bá dáhùn, ibẹ̀ di tìrẹ."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ kìíní, oòrùn jó o lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọyẹ́ fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ní ọjọ́ kẹta, afẹ́fẹ́ ya ewé rẹ̀ pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ojúkòkòrò kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

Òjò rọ̀. Bàbá Òkè gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Òdòdó orí àpáta,
— Dá mi lóhùn.
Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀,
— Dá mi lóhùn.
Ọmọ Oyin ń retí rẹ,
— Dá mi lóhùn.

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìdáhùn. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò fáyọ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ewé tútù kan yọrí. Òmíràn yọrí. Ìtànná aláwọ̀ àlùkò bo ṣóńṣó òkè!

"Mo ń gbọ́ o, bàbá! Oorun ni mo sùn."

Oyin hó yèè. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé, wọ́n mu, wọ́n yó, wọ́n jó yí òkè ká.

Òdòdó yíjú sí Ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdúró. Ṣé òkúta dùn-ún jẹ?"

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, àkísà ewé rẹ̀ ń fì lẹ́yìn rẹ̀. Títí di òní ni afẹ́fẹ́ ṣì ń ya á.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó dákẹ́ ló kú. Kí á wádìí kí á tó pín ogún ẹnìkejì.

Ibi tí mo bá ààlọ́ mi dé rèé.