Awẹ̀ró Tó Lọ Wo Ogun Lójú

Ìlú méjì ni ogun Àrọ̀kù sun ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Ìdẹ̀tà ni wọ́n kọ́kọ́ sun, wọ́n sì sun Agbọ́nyìn kí eérú Ìdẹ̀tà tó tutù. Àwọn tó sá àsálà rọ́ wọ inú odi Ìpàró; àwọn kan pọn ọmọ, àwọn kan kò ní ọmọ tí wọn ó pọ̀n mọ́. Nígbà tí ogun náà dé etí odò Ọ̀yẹ́lẹ́, Balógun Ògúnjìmí kó àwọn ọmọ ogun Ìpàró jáde, ó bá wọn jà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó sì lé wọn padà sí òdìkejì odò. A kì í torí pé inú ń bí wa ká fi ẹ̀tọ́ du ẹlẹ́tọ̀ọ́: ọkùnrin náà jà, ó sì gba ìlú là. Lọ́jọ́ tó wọlé, Elépàró, ọba ìlú, tó ti darúgbó, fi kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè méjèèjì lé e lọ́wọ́, ó ní kó ṣọ́ ìlú títí wọn yóò fi ná ọjà mẹ́ta. Wọ́n ná ọjà mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta kọjá lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́wọ́ Balógun.

Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyí. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, èéfín funfun yóò yọ lórí Òkè Ẹyẹlé, òkè tó dojú kọ ìlú. Láníyọnu akéde yóò mú agogo rẹ̀, yóò sì máa ké láti àdúgbò dé àdúgbò pé: "Kéré o! Ogun Àrọ̀kù tún ti dé orí òkè! Wọ́n ń pọ́n idà! Balógun ní kí ẹ gbọ́!" Ohun tí Balógun bá ní kí wọ́n gbọ́ kì í ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jáde lẹ́nubodè láìjẹ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ òun fi ẹfun sí i níwájú orí. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n kó gbogbo àdá wá sílé òun, kí ọ̀tá má baà rí wọn gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa yọ̀ǹda ẹnì kan tí yóò máa ro oko òun ní ọjọ́ méjì nínú ọjọ́ márùn-ún, nítorí pé ẹni tó ń ṣọ́ ìlú gbọ́dọ̀ jẹun. Nígbẹ̀yìn, ó ní ènìyàn mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ dúró sọ̀rọ̀ nídìí kànga, nítorí pé ọ̀tá ní etí. Ẹni tó bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ Àrọ̀kù ni. Ìyàwó ń ṣọ́ ọkọ lẹ́nu. Àgbàlagbà tó kú díẹ̀ kó wọ ilẹ̀ ń wẹ̀yìn kó tó sín. Ẹ̀rù kò ní ọmọ ogun, kò ní ọfà, síbẹ̀ ó kó Ìpàró lẹ́rú láì jẹ́ kí wọ́n kúrò nínú ilé wọn.

Obìnrin kan wà ní ìlú nígbà náà tó ń jẹ́ Awẹ̀ró. Opó ni, amọ̀kòkò ni, ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Òun ni wọ́n ń kì ní Awẹ̀ró, abàtẹ́lẹwọ́ líle bí awọ ìjàpá, a-lu-amọ̀-ṣodù, obìnrin tí iná jó tí kò wí, ṣùgbọ́n tí irọ́ bá ta sí i lára a pariwo. Kò gbọ́n ju ẹlòmíì lọ. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé bó bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, ó máa ń dúró gba èsì. Àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, Abífárìn, àgbẹ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kẹta, Abífárìn gba ojú àgbàrá abẹ́ odi jáde, ó lọ wa iṣu tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kó tó jẹrà sínú ebè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú un tòun ti agbọ̀n iṣu rẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ kò pẹ́. Balógun ní, "Ẹni tó jáde láìní ẹfun lórí, ọ̀dọ̀ ọ̀tá ló ń lọ. Lọ́jọ́ ọjà, a ó tà á fún àwọn olówò ẹrú, kí àwọn yòókù lè fi ṣẹ̀kọ́." Ọjọ́ ọjà ku ọjọ́ mẹ́rin.

Awẹ̀ró gba ààfin lọ. Ó kúnlẹ̀ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin lẹ ni kọ́kọ́rọ́ ìlú."

"Èmi ni mo ni ín, Awẹ̀ró. Òun ló dì í mú."

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Bí mo bá gbà á, tí ogun sì wọlé lọ́la ńkọ́?"

"Ogun wo, Kábíyèsí? Èyí tó ń dáná lọ́sàn-án nìkan yìí? Láti kékeré ni mo ti ń sun ìkòkò, mo mọ èéfín. Igi gbígbẹ kì í rú funfun báyẹn. Ewé tútù ni wọ́n ń dà síná, ẹni tó ń se oúnjẹ kì í da ewé tútù síná, àfi tó bá fẹ́ kí ará ọ̀nà jíjìn rí òun. Àbí odindi ogun kì í jẹun àárọ̀ ni? Wọn kì í jẹ talẹ́?"

Ọba bi í pé, "Ìwọ ti dé orí òkè náà rí?"

"Rárá, Kábíyèsí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà kò débẹ̀."

"Ta ló débẹ̀?"

Elépàró wo ilẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, nínú ìlú tó ní àwọn ìjòyè ìwàrẹ̀fà, tó ní àgbà ọdẹ, tó ní ìyálóde tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sí ẹnì kan tó béèrè ìbéèrè yẹn. Ìtìjú rẹ̀ mú ọba. Kò fún Awẹ̀ró láṣẹ, kò sì sọ pé kó má lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ní ìyálẹ̀ta, Awẹ̀ró gbé agbọ̀n amọ̀ rẹ̀ rù, ó kọjú sí ẹnubodè. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìyá Amọ̀kòkò, níbo nìyẹn?"

"Mò ń lọ wo ogun."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èkínní ní, "Ẹfun dà lórí yín?"

"Òfin ní ẹni tó bá jáde láìní ẹfun, ó ń sá tọ ọ̀tá lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò mí dáadáa. Irú mi ni ọ̀tá ń wá?"

"Wọ́n á pa yín o, Ìyá!"

"Bí wọ́n bá pa mí, ẹnì kan dín lára àwọn tí ẹ̀ ń ṣọ́. Ẹ kúrò lọ́nà, ọmọ mi, amọ̀ ń gbẹ."

Wọ́n jẹ́ kó kọjá. Àwọn kan sọ pé àánú rẹ̀ ló ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn ní wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Èyí tó dájú ni pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́ta tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba ẹnubodè Ìpàró jáde láìtọrọ àyè.

Nígbà tó dé orí Òkè Ẹyẹlé, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí. Ọkùnrin mẹ́ta ló bá níbẹ̀ lábẹ́ igi ayùnrẹ́, ará ilé Balógun sì ni gbogbo wọn. Wọ́n ń sun iṣu jẹ. Iṣu gbogbo oko ìlú ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, òkìtì ewé tútù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná wọn. Àgbà nínú wọn, Ajíkobi, sáré dìde, iṣu gbígbóná já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀.

"Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ wá síbí?"

"Ẹ̀yin lẹ fi èéfín pè mí. Ogun dà?"

Ajíkobi wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Àwa náà là ń dúró dè é," ló wí.

Awẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn kọjá wọn lọ sí etí òkè níhà kejì, ó wo ìsàlẹ̀. Odò Ọ̀yẹ́lẹ́ ń ṣàn. Ní òdìkejì odò, lókèèrè, àwọn ará Àrọ̀kù ń gbin àgbàdo. Ọkọ́ ni wọ́n mú dání.

Nígbà tó padà, Ajíkobi ti mú kùmọ̀. "Ẹ ò ní lè sọ̀kalẹ̀ lọ sọ èyí, Ìyá."

"Ó dáa. Bí ẹ bá pa mí, ta lẹ máa ní ó pa mí?"

"Ogun Àrọ̀kù."

"Nígbà náà ìlú á ní ogun ti pa obìnrin wa, wọ́n á ní kí Balógun kó yín jáde lọ gbẹ̀san. Ajíkobi, ṣé o ti ṣetán láti kọjá odò lọ bá àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn jà?"

Ajíkobi ro ó. Ó wo odò, ó wo iṣu, ó gbé kùmọ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe akọni, kì í sì í ṣe ìkà. Irú ènìyàn tí irọ́ ń rí lò nígbà gbogbo ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ wọn. Wọn kò jẹ́ ròyìn rẹ̀ fún Balógun pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n á jìyà pé wọ́n jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, èéfín pẹ́ kó tó rú.

Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n mú Abífárìn jáde, ìdè lọ́rùn. Àwọn olówò ẹrú ti dé, wọ́n jókòó sábẹ́ ibòji. Balógun jókòó lórí àpótí rẹ̀. Èéfín yọ lórí òkè bí ìṣe rẹ̀, Láníyọnu lu agogo: "Kéré o! Ogun Àrọ̀kù ti dé orí òkè! Wọ́n pọ̀ bí eéṣú!"

"Láníyọnu!" Awẹ̀ró ló ké láti àárín àwọn obìnrin. "Ojú ta ló rí i?"

Láníyọnu rẹ agogo rẹ̀ sílẹ̀. "Balógun ló ní kí n ké e."

"N ò bi ọ́ léèrè ẹni tó rán ọ. Ojú ta ló rí wọn? Dárúkọ ẹnì kan."

Akéde wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Ogún ọdún ló ti ń lu agogo, kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Balógun dìde. "Ọ̀rọ̀ ogun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò, ìwọ obìnrin yìí. Bí kì í bá ṣe èmi ni, eérú ni gbogbo yín ì bá jẹ́!"

Awẹ̀ró bọ́ síwájú. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà ni ìlú ṣì ń há sórí títí di báyìí:

"Òótọ́ ni, Balógun. Ẹ gbà wá là, a dúpẹ́, a ó sì tún dúpẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ ọmọ nínú kànga kò sọ ọmọ náà di ẹrú rẹ̀. Mo ti gun òkè yẹn. Èmi ni ojú tó rí i. Iṣu wa ló wà níbẹ̀, àti ewé tútù, àti àwọn ènìyàn yín. Bí mo bá purọ́, ó rọrùn láti mú mi: ẹ fún wa ní àdá wa, ká jọ gùn ún nísinsìnyí, ọ̀sán gangan. Bí a bá bá ogun níbẹ̀, a ó jà á, kí ẹ sì ta èmi mọ́ Abífárìn. Bí a kò bá bá ogun, kí olúkúlùkù gba oko rẹ̀ lọ nígbà tó bá wù ú, kó má ṣe tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀mí mi ni mo fi lélẹ̀ yẹn. Kí lẹ̀yin fi lélẹ̀?"

Balógun ní ó léwu kí ará ìlú jáde. Gbólóhùn yẹn ló tú u fó. Jagunjagun tó jà ní Ọ̀yẹ́lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kò fẹ́ gun òkè kan lọ́sàn-án, gbogbo ọjà sì rí i pé kò fẹ́. Àwọn amọ̀kòkò ló kọ́kọ́ gbéra. Àwọn alágbẹ̀dẹ tẹ̀ lé wọn, ọjà sì tú tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kò bi ẹnì kankan ní ẹfun. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, iná ṣì ń jó, àwọn tó dá a ti sá lọ. Àgbẹ̀ kan mú iṣu kan nínú òkìtì, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Tèmi nìyí," ó sì jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Kí wọ́n tó padà, àwọn olówò ẹrú ti palẹ̀ mọ́. Awẹ̀ró fọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdè ọrùn Abífárìn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ sọ Balógun Ògúnjìmí lókùúta, Awẹ̀ró ló dí wọn lọ́nà. "Ẹ má pa á," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó máa gbé láàárín wa bí ènìyàn yòókù, kó rí bí a ṣe ń jáde tí a ń wọlé." Olúkúlùkù lọ mú àdá rẹ̀ nílé Balógun, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ fún ọba. Ọba kò gbà á. Ó ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn ẹnubodè méjèèjì, kí àwọn ọdẹ máa ṣọ́ ọ̀nà dípò wọn.

Àwọn kan ní ìyẹn ni yóò pa ìlú. Ní ọdún kẹfà lẹ́yìn náà, ogun Àrọ̀kù wá ní tòótọ́. Láníyọnu lu agogo, ọ̀pọ̀ ẹnu sì béèrè lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ojú ta ló rí i?" Ọkùnrin kan tí ẹrẹ̀ odò kò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bọ́ síwájú akéde. "Ojú mi ni, èmi Abífárìn àgbẹ̀. Mo kà wọ́n dé ọgọ́rùn-ún, n ò sì dúró ka ìyókù." Kò sí ẹni tó tún béèrè nǹkan kan. Àdá kálukú wà nílé rẹ̀. Odò Ọ̀yẹ́lẹ́ ni wọ́n ti pàdé ogun náà, wọ́n sì fọ́ ọ níbẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, èyí tó gba Balógun ní ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ìgbà náà, akéde kì í dá rìn ní Ìpàró. Ẹni tó fojú rí ohun tí wọ́n ń kéde ló ń ṣíwájú rẹ̀, tó ń sọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ilé bàbá rẹ̀ kí agogo tó dún. Ìbáà jẹ́ ọba ló rán akéde, ìbáà jẹ́ ìjòyè, ọmọdé lè béèrè ojú tó rí i. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, akéde á gbé agogo rẹ̀ padà sílé, olúkúlùkù á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.